Ẹ̀kọ Tí Mo Pò fún Ewébẹ̀

Ọdún 32 gbáko ni mo fi dúró níwájú pátákó dúdú, tí mo ń fi ẹfun ìkọ̀wé kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní kẹ́mísírì ní Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé, tí kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè jẹ́rìí pé òun gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí pé n kò mọ nǹkan kan. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, tí ẹ̀rín sì ń pa á, kó má ṣe tìtorí ọjọ́ orí mi pa ẹ̀rín náà mọ́ra, nítorí èmi pàápàá ti fi ara mi rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi dùn mí.

Nígbà tí àwọn ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn tí Ọlọ́run fi ta èmi àti ìyá wọn lọ́rẹ ti dàgbà, tí oníkálukú ti bá tirẹ̀ lọ, ilé pa rọ́rọ́, ọwọ́ mi sì dilẹ̀. Mo fẹ́ dáko, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì ni gbogbo àgbàlá wa, kò sí ibi tí ọkọ́ lè gbé wọlẹ̀. Níbi tí mo ti ń yẹ ìwé wò ni mo ti ka ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Gericke ti Yunifásítì California, ẹni tó gbin tòmátì sínú omi tí wọ́n fi ga ju èèyàn lọ, tí ó sì kéde orúkọ náà, hydroponics, fún ayé ní ọdún 1937; mo sì ka ti Hoagland àti Arnon, àwọn tó jẹ́ pé ní ọdún 1938 ni wọ́n ti kọ èlò omi ewébẹ̀ sílẹ̀ bí olóúnjẹ ṣe ń ka èlò ọbẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo pa ìwé dé, mo ní, kí ló wà níbẹ̀? Ewébẹ̀ kì í ṣáà jẹ ilẹ̀. Iyọ̀ tó wà nínú ilẹ̀ ló ń jẹ, ta ló sì mọ iyọ̀ jù mí lọ?

Mo ra ike gígùn mẹ́rin, mo fi fóòmù bò wọ́n lórí, mo dá ihò mẹ́wàá mẹ́wàá sí i, mo fi lẹ́túùsì kọ̀ọ̀kan sínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ àbúrò mi kan, tó ti ṣiṣẹ́ díẹ̀ lóko irú èyí, ló bá mi ra ajílẹ̀ náà: calcium nitrate nínú àpò kan, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Éè, potassium, phosphate àti magnesium sulphate pẹ̀lú àwọn wẹ́wẹ́ yòókù nínú àpò kejì, ìyẹn ni Bíì. Ó kúnlẹ̀ ṣàlàyé fún mi bí ọmọ gidi, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ po Éè lọ́tọ̀, kí ẹ po Bíì lọ́tọ̀. Inú omi púpọ̀ ni kí wọ́n ti pàdé. Bí garawa bá gba omi lítà 20, ẹ bu mílílítà 100 Éè sí i, ẹ rò ó dáadáa, kí ẹ tó bu 100 Bíì.” Mo ní, “Ọmọ mi, kí wọ́n tó bí bàbá rẹ ni mo ti ń po nǹkan pọ̀.” Irọ́ ni, nítorí ọdún méjì péré ni mo fi ju bàbá rẹ̀ lọ.

Nígbà tó lọ tán, mo wò ó pé garawa méjì ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ ẹyọ kan, mo da Éè àti Bíì sínú garawa kan ṣoṣo, mo bu omi díẹ̀ lé wọn, mo sì ki orógùn bọ̀ ọ́. Omi tó mọ́ gaara bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó di funfun, ó sì ń ki. Ẹ wá wo ayọ̀! Mo ní okun inú oúnjẹ náà ló ń jáde. Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná, ó wò mí, ó wo garawa, ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ̀kọ lẹ̀ ń pò ni? Ṣé kí n lọ wá àkàrà?”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti tòrò lókè, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun sì ti sùn sí ìsàlẹ̀ bí ògì tó sílẹ̀. Ibẹ̀ ni òógùn ti bò mí. Calcium ti pàdé sulphate níbi tí omi kò ti tó, wọ́n ti di gypsum. Calcium mìíràn ti so mọ́ phosphate. Bẹ́ẹ̀ gypsum yìí gan-an ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú ẹfun ìkọ̀wé. Ọdún 32 ni mo fi ń náwó ẹfun ìjọba. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì tán ni mo wá di ẹni tó ń ṣe ẹfun jáde. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni mo máa ń fi ṣe ìbéèrè fún àwọn ọmọ nínú ìdánwò, tí mo sì ń na ẹni tó bá kùnà rẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ọlọ́gbọ́n ì bá dà á nù. Èmi ro owó tí mo fi rà á, mo rọra yọ́ omi tó tòrò sínú ike fún lẹ́túùsì. Calcium tó yẹ kó gbé ewé ọ̀dọ́ ró ti wà nísàlẹ̀ garawa. Kò pẹ́ tí etí àwọn ewé àárín fi ń jó, tí wọ́n ń ká kò bí etí ìwé tí iná rà.

Mo ra ajílẹ̀ mìíràn, mo pò ó bí ọmọ náà ti wí, ohun gbogbo sì dára. Mítà EC mi, èyí tó ń wọn iyọ̀ inú omi, ka 1.4, lẹ́túùsì ń yọ ewé bí ẹni ń tẹ́ aṣọ, mo sì ń mú àlejò lọ wò ó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo ju mítà sínú dúrọ́ọ̀ mi, mo ní a ti mọ ara wa. Bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ti dé. Ọyẹ́ ń fa omi lára ewé, ewé ń fà á nínú ike, iyọ̀ ní tirẹ̀ sì jókòó síbẹ̀. Gbogbo ìgbà tí omi bá fà, omi ajílẹ̀ ni mo tún ń fi kún un, kì í ṣe omi lásán. Nígbà tí lẹ́túùsì ń rọ lọ́sàn-án, tí gbòǹgbò wọn sì wà nínú omi, mo ní ebi ló ń pa wọ́n, mo tún bu oúnjẹ sí i. Ọmọ àbúrò mi dé, ó ki mítà bọ ike: 3.2. “Bàbá, omi ni wọ́n ń bẹ̀ yín fún o.” N kò lè fèsì, torí mo ti rántí iṣu tí mo máa ń gbẹ́ inú rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ kíláàsì, tí màá bu iyọ̀ sínú ihò rẹ̀, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí bí iyọ̀ ṣe ń fa omi jáde lára iṣu.

Ti ásíìdì kò gba àlàyé púpọ̀. pH omi kànga wa ka 7.8, bẹ́ẹ̀ àárín 5.5 sí 6.5 ni ewébẹ̀ ń fẹ́. Mo da fínígà sí i, ó wálẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó ti padà sókè. Inú bí mi, mo gbé phosphoric acid, dípò kí n máa kán an tótó, mo fi ìdérí ìgò wọ̀n ọ́n. Ó di 3.4. Gbòǹgbò tó funfun bí òwú pọ́n bí àgúnmu. Nínú 40 lẹ́túùsì, mẹ́ta ló kù, ìyẹn náà korò.

Gbogbo omi tó bàjẹ́ wọ̀nyí, àti ẹ̀kọ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀yìn ilé ìdáná, létí ògiri níbi tí sìmẹ́ńtì ti sán, ni mo máa ń dà wọ́n sí. Òjò àkọ́rọ̀ dé, ó fọ ibẹ̀, n kò sì tún yà síbẹ̀ mọ́, nítorí ìtìjú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Ìbejì gbé àmàlà kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò, tẹ̀tẹ̀ tí kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó tutù, ó sì dùn débi pé mo bèèrè ọjà tó ti rà á.

“Ọjà wo? Níbi tí ẹ ń da ẹ̀kọ yín sí ni.”

Mo la ẹnu láti ṣàlàyé ohun tí ilẹ̀ ń fi phosphate ṣe, àti bí òjò ṣe ń ṣan iyọ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ti gbé ṣíbí ọbẹ̀ dání, ó ní ṣé kí òun bu òmíràn. Mo na àwo sí i.