Èsì Ìbò Àtijọ́ Kì Í Fa Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Ohun tí mo fi ń sinmi ní ìlú Òyìnbó yìí, ìyàwó mi kò tíì gbà pé ìsinmi ni. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi nínú ìjọ ń wo bọ́ọ̀lù. Èmi ń wo ìdìbò àtijọ́. Kì í ṣe ti ọdún yìí o: ti 1970, ti 1979, ti 1997, gbogbo òru ọjọ́ náà bí BBC ṣe gbé e jáde nígbà yẹn gan-an, tòun ti irun gígùn àti táì fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ìkànnì BBC Parliament a máa tún wọn gbé jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí àyájọ́ wọn bá pé, àwọn èèyàn sì ti kó ọ̀pọ̀ nínú wọn sórí YouTube, débi pé ẹni tó bá ní dátà kò ní ìdí kankan láti sùn.

Ìyàwó mi á gba iwájú mi kọjá, á ní, “Ta ló ń wọlé?” Màá ní Thatcher ni. Á ní, “Ṣé ìyẹn ò ti kú ni?” Ó ti kú. Adùn rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ohun tí ìdìbò 1979 lè fi mí ṣe mọ́.

Ẹni tó bá ti jókòó wo èsì ìbò Nàìjíríà rí ni ọ̀rọ̀ yìí máa yé. Ikùn la fi ń wo tiwa. Ní oṣù Kẹta 2015, ní Peckham níbí, a kó ara wa jọ sí yàrá ẹ̀gbọ́n mi kan, a ń wo àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan ní Abuja láti ka èsì ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, títí dé orí ẹgbẹ́ tí ìbò rẹ̀ kò kún ọwọ́. Orubebe, aṣojú ẹgbẹ́ PDP, ṣàdédé gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní ètò kò ní tẹ̀síwájú mọ́. Jega, alága INEC, ń wò ó láìgbé ohùn sókè. Ẹ̀gbọ́n mi ti wà lórí fóònù, wọ́n ń sọ fún àwọn ará ilé n'Ìbàdàn pé kí wọ́n ra gààrì àti omi sílé. Kí Jonathan tó pe Buhari kí ó kí i kú oríire, gbogbo wa ti gbààwẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kéde.

Ìgbà tí ìyá ìyàwó mi wá bá wa wẹ ọmọ ni mo tó rí alábàáwò. Òru ni ọmọ tuntun ń jí, òru náà ni Òyìnbó ń ka ìbò, Màmá á sì gbé Ayọ̀ lé itan, wọ́n á ní kí n gbé e sí i, kí òun rí ohun tó ń dá ọkọ ọmọ òun dúró sí pálọ̀.

Sunderland ni a ti kọ́kọ́ jà. Ìlú yìí wà lókè lọ́hùn-ún ní àríwá ìlà-oòrùn England, àwọn ará ibẹ̀ sì ti sọ ọ́ di iyì láti 1992 pé àwọn làwọn á ṣáájú gbogbo ìlú kéde ẹni tó wọlé. Aago mẹ́wàá alẹ́ ni ìdìbò ń parí. Sunderland á fẹ́ kéde kí mọ́kànlá tó lù. Ọgbọ́n tí wọ́n ń ta ni pé wọ́n á to àwọn ọ̀dọ́ sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Bí ọkọ̀ tó kó àpótí ìbò bá ṣe ń dé, ọ̀kan á já àpótí gbà, á ki eré mọ́lẹ̀, á fi lé ẹnì kejì lọ́wọ́, ìyẹn náà á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó di inú ilé.

Ti 2015 ni mo gbé sí i. Bí ọ̀dọ́ àkọ́kọ́ ṣe gbé àpótí sáré báyìí, Màmá figbe ta: “Wọ́n ti gbé e lọ o!”

Mo ní, “Màmá, ibi tó yẹ kí ó lọ náà ni wọ́n ń gbé e lọ.”

“Pẹ̀lú eré?”

“Pẹ̀lú eré, Màmá.”

“Ta ló ń lé wọn?”

Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé wọn. Màmá wojú mi, wọ́n wo ojú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n rọra fa Ayọ̀ mọ́ra. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń dìbò, wọn ò tíì rí ẹni tó gbé àpótí ìbò sá tí kì í ṣe pé ìbọn ló ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ẹnu Màmá kò ṣìnà. Nílé, abẹ́ igi tí a ti dìbò náà la ti ń kà á. Òṣìṣẹ́ INEC á na ìwé ìbò sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo àdúgbò á máa bá a kà á lóhùn rara, wọ́n á sì lẹ èsì mọ́ ògiri kí ojú ọ̀run tó ṣú tán. Lọ́dọ̀ Òyìnbó, wọ́n á ti àpótí pa, wọ́n á gbé e sọ́kọ̀, ó dìgbóṣe. Ìwọ tó dìbò ò ní fojú kàn án mọ́. Pẹ́ńsù ni wọ́n sì fi dìbò ọ̀hún, pẹ́ńsù tí wọ́n fi okùn so mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mú un lọ sílé. Títí di àìpẹ́ yìí ní England, wọn ò béèrè káàdì kankan lọ́wọ́ rẹ: o dárúkọ, o sọ ilé tí ò ń gbé, wọ́n fún ọ níwèé. Ìdìbò gbogboogbò 2024 ni àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ní kí èèyàn mú ohun tó ní fọ́tò wá. Ẹ gbé ètò yìí wá sí Ìbàdàn lọ́la, èmi gan-an ni màá ṣáájú àwọn tó ń lọ sí kóòtù. Ibi tí tiwa ti ń bàjẹ́ kì í sábà jẹ́ abẹ́ igi yẹn. Ojú ọ̀nà ni, láàárín abẹ́ igi àti Abuja.

Ẹ wá fi èyí síbẹ̀ ná. Ohun tó ń mú mi ṣàìsùn gan-an ni orí pèpéle.

Nílẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó ga jù láti dúró gbọ́ èsì tirẹ̀. Olórí ìjọba ni o, mínísítà ni o, inú gbọ̀ngàn eré ìdárayá àdúgbò lo máa wà ní aago mẹ́ta òru, ìwọ àti gbogbo àwọn tó bá ọ díje lórí ìlà, òṣìṣẹ́ káńsù kan á máa kà á sí yín létí. Ẹ wo Enfield Southgate ní 1997. Michael Portillo ni mínísítà ètò ààbò, ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òun ni yóò jẹ olórí ẹgbẹ́ Conservative lẹ́yìn John Major, olórí ìjọba ìgbà yẹn. Stephen Twigg, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ló ń bá a du àyè náà fún Labour. Mo ti dá fídíò yẹn padà sẹ́yìn débi pé mo mọ ibi tí Twigg ti máa gbójú sókè. Ọmọ yẹn borí, ẹ̀rù sì ba òun gan-an: ojú rẹ̀ fẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni kí òun rín àbí kí òun tọrọ àforíjì. Portillo ní tirẹ̀ dúró ṣánṣán, ó kí i, ó sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí. Títí di òní, àwọn ará ibí tó dàgbà ṣì máa ń bi ara wọn bóyá wọn ò tíì sùn nígbà tí Portillo ṣubú. Òun náà padà sílé ìgbìmọ̀ ní 1999, ó tún fi í sílẹ̀, ó wá di ẹni tó ń wọ kóòtù aláwọ̀ pupa rúsúrúsú, tó ń wọkọ̀ ojú irin káàkiri lórí tẹlifíṣọ̀n. Tó bá jẹ́ nílé ni, ìbá ti sọdá sínú ẹgbẹ́ tó wọlé kí iléyá tó dé.

Màmá gbádùn ti Portillo, ṣùgbọ́n ti Maidenhead, 2017, ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Theresa May, olórí ìjọba, dúró lórí pèpéle pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ojú rẹ̀ le. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹnì kan wọ aṣọ dúdú láti òkè délẹ̀, ó sì gbé nǹkan dúdú roboto bí bọ́kẹ́ẹ̀tì gígùn bo gbogbo orí. Lord Buckethead lorúkọ tí ó fi díje. Ẹlòmíì tún wọ aṣọ onírun pupa Elmo, ti eré àwọn ọmọdé.

Màmá ní, “Eégún ta nìyẹn?”

“Olùdíje ni, Màmá.”

“Ó ń bá obìnrin yẹn du ipò?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, £500 ló san bíi ti gbogbo wọn, tí ìbò rẹ̀ ò bá sì pé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, owó náà ti wọgbó. Wọ́n bi mí pé ìbò mélòó ló ní. Mo ní 249.

“Èèyàn 249 wẹ̀, wọ́n múra, wọ́n jáde nílé, wọ́n lọ dìbò fún eégún.” Màmá nu ojú wọn. Wọ́n ní alága káńsù lásán lọ́dọ̀ tiwọn, tí ẹ bá fi bọ́kẹ́ẹ̀tì borí, tí ẹ lọ dúró tì í, mọbáìlì lẹ máa ṣàlàyé fún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún wo ojú May, wọ́n ní àánú obìnrin náà ń ṣe òun, pé kò sẹ́ni tó lè sọ pé iṣẹ́ yẹn kò nira.

Àwọn àgbà fídíò ńkọ́? Nínú wọn lẹ máa rí swingometer, ọ̀pá kan tó ń fì sọ́tùn-ún sósì láti fi hàn bí ìbò ṣe ń ṣí láti ẹgbẹ́ kan sí èkejì. Robert McKenzie, ará Kánádà, ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ lórí BBC, nínú ìdìbò oṣù Kẹwàá 1959. Oṣù yẹn náà kò tíì tán tí tẹlifíṣọ̀n fi dé Ìbàdàn, nítorí 31 oṣù Kẹwàá 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Màmá sì rántí bí àwọn ọmọdé ṣe ń yọjú wò ó láti ojú fèrèsé onífèrèsé. Ní 1970, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìwádìí èrò ará ìlú ló sọ pé Wilson ti Labour ló máa padà wọlé. Heath ti Conservative ló wọlé, ìbò sì ṣí débi pé ọ̀pá McKenzie fẹ́ kọjá nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní kí ẹnì kan gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì wá, ó sì kun nọ́ńbà mìíràn sí i. Wàhálà tó bá wọn nílé iṣẹ́ ìròyìn lálẹ́ ìdìbò nìyẹn, ọ̀dà. Lẹ́yìn ìdìbò tiwa ní ìwọ̀-oòrùn ní 1965, ẹnì kan gbé ìbọn wọ ilé iṣẹ́ rédíò n'Ìbàdàn, ó ní téèpù tí òun mú wá ni kí wọ́n gbé sí i dípò ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá, olórí ìjọba ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n mú Soyinka fún un, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀.

Ohun kan tí Màmá kò gbà títí wọ́n fi padà sílé ni pé kò sí ẹni tó ń kéde ẹni tó borí ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ká máa retí alága kan tó máa jáde láàárọ̀ kùtù pẹ̀lú fáìlì, kò sí. Àyè 650 ló wà, oníkálùkù á kéde tirẹ̀ níbi tó wà, tẹlifíṣọ̀n á máa rò ó pọ̀, tó bá ti di 326, ó parí. “Tẹlifíṣọ̀n ló yan ọba fún wọn,” Màmá ní. Àní kí wọ́n tó ka ìbò kan ṣoṣo, ní aago mẹ́wàá gééré, wọ́n ti sọ ohun tó máa jáde, nítorí wọ́n ti dá àwọn tó dìbò dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bi wọ́n ní ẹgbẹ́ tí wọ́n dìbò fún. Paddy Ashdown ti Liberal Democrats gbọ́ ọ ní 2015, ó ní tó bá jẹ́ òótọ́, òun á jẹ fìlà òun. 316 ni wọ́n sọ fún Conservative, 330 ló já sí. Ẹni tó bá na bébà sí Màmá lẹ́nu ọ̀nà ibùdó ìdìbò ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, tó ní kí wọ́n sọ ẹgbẹ́ tí wọ́n dìbò fún, á kọ́kọ́ sọ ẹni tó rán an wá.

Wọ́n bi mí bóyá èmi náà ń dìbò níbí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbí pẹ̀lú ìwé àṣẹ lè dìbò yan ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nítorí Commonwealth, bó tilẹ̀ jẹ́ pé páàsìpọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé ló wà lápò rẹ̀. Ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ni a ò lè dì láti ibí. Òfin kò tíì fàyè gbà á. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé nílé onígbàjámọ̀ ní Peckham, à ń bú Abuja láìní ìbò, a sì ní ìbò fún Westminster tí a kì í bú tó bẹ́ẹ̀.

“Kí ni wọ́n ń fún yín?” Màmá bi mí. Ẹni tó bá ti gbọ́ “dìbò kóo sebẹ̀” nígbà ìdìbò gómìnà Èkìtì ní 2018 mọ ohun tí wọ́n ń béèrè. Mo ní wọn kì í fún wa ní nǹkan kan, ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ iṣẹ́, àwọn mìíràn tiẹ̀ ń fa ajá wọn dání lọ. Màmá ní kí n má sọ ìyẹn fún wọn nílé.

Winchester ni a wò kẹ́yìn. Ní 1997 kan náà, Mark Oaten fi ìbò méjì péré lé Gerry Malone kúrò lórí àyè rẹ̀. Màmá dìde jókòó dáadáa: ó ti di ti kóòtù nìyẹn! Mo ní ó di ti kóòtù lóòótọ́, Malone ní àwọn ìwé ìbò kan wà tí wọ́n gbé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí pé kò ní òǹtẹ̀. Ilé ẹjọ́ fagi lé èsì náà. Màmá pàtẹ́wọ́. Mo ní wọ́n tún ìbò náà dì ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn.

“Ó wọlé?”

“Oaten tún nà án, Màmá. 21,556 ni ó fi nà án.”

Màmá dákẹ́ díẹ̀. “Ìyẹn ni pé ó sanwó fún lọ́yà kí wọ́n lè nà án dáadáa.”

Mo ní bó ṣe rí nìyẹn. Wọ́n gbé Ayọ̀ sí èjìká kejì, wọ́n ní kí n wò ó bóyá fídíò ti ẹlẹ́ẹ̀kejì wà, pé ojú ọkùnrin yẹn ni òun fẹ́ rí.