Mẹ́jọ Ló Kó Mi Sẹ́jọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o! Ẹni tó bá ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ rí nìkan ló lè mọ ohun tójú mi rí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Igbaye, iṣẹ́ tí kò lówó, tí kò lọ́pẹ́, tó jẹ́ èébú nìkan ni alááwẹ̀ rẹ̀ fi ń ṣínu. Ọgọ́ta ni wá. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la ń dáwó. Mo ṣe bí ọlọ́gbọ́n, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú Excel: nọ́ńbà, orúkọ, ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ẹni náà, lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ kan, kọ́lọ́ọ̀mù kan. Ọdún márùn-ún, ọ̀sẹ̀ 260. Ẹ fi mẹ́ta ìbẹ̀rẹ̀ kún un, ó di 263. Ṣé ìyẹn pọ̀ ni? Láti 2007 ni Excel ti ń gba kọ́lọ́ọ̀mù 16,384! Ilé oníyàrá 16,384, mi ò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà!

Àfi bí Alága wa ṣe lọ sí Òkukù, tó gbọ́ “dátábéèsì” lẹ́nu àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, ló bá délé, ó ní àwa náà gbọ́dọ̀ ní tiwa. Mo so Access, ẹ̀rọ dátábéèsì, mọ́ Excel, mo bi í pé èló ni kálukú dá. Kíá ló fèsì! Mo gbé e lọ sí Ìkìrun, mo tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà, mo pín in nípàdé.

Yéè! Ìyá Alákàrà ló kọ́kọ́ dìde. “Akọ̀wé, owó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ mi dà?” Ọkọ rẹ̀ dìde. Bàbá oníkòkó dìde. Gbogbo ilé dìde! Owó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ọgọ́ta èèyàn wọmi, wọ́n wá ń wo bàtà ẹsẹ̀ mi bí ẹni pé òun ló gbé e mì, bàtà tí mo rà ní bọ̀sìkọ̀rọ̀ ní Ìnísà!

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò jalè. Access ni kì í gbà ju kọ́lọ́ọ̀mù 255 lọ. Ó ka 255, ó panu mọ́, kò tilẹ̀ wúkọ́ pé “Akọ̀wé, ó ku mẹ́jọ o”!

Bó bá mọ síbẹ̀ ni, ǹ bá dúpẹ́. Nínú kọ́lọ́ọ̀mù ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ ṣókí ni mo kọ fún ẹni mẹ́jọ àkọ́kọ́: “àgbẹ̀”, “aláṣọ”, “gbẹ́nàgbẹ́nà”. Alága ló wà ní ìlà kẹsàn-án, ó sì ní dandan ni kí n kọ oríkì òun. Ẹ ò lè dá a lẹ́bi, ìtòsí Òkukù la wà, ibi tí onímọ̀ Karin Barber ti fi ọdún gbáko jókòó ti oríkì ní àwọn ọdún 1970, tó fi di odidi ìwé ní 1991, kò sì sẹ́ni tó ń fi lẹ́tà díwọ̀n oríkì níbẹ̀! Àmọ́ ẹ̀rọ yìí wo ìlà mẹ́jọ àkọ́kọ́, ó ní ọ̀rọ̀ kúkúrú ni wọ́n ń kọ níbí, ó fi gbèdéke lẹ́tà 255 lé e. Oríkì ń lọ, oríkì ń bọ̀, ó dé “ọmọ olè kò lè wọlé wọn”, àbí ibo ni lẹ́tà 255 máa pé sí? Lọ́jọ́ tí owó ọgọ́ta èèyàn di àwátì, ohun tó jáde gbẹ̀yìn níwájú orúkọ Alága ni “ọmọ olè”!

Kí ni mo fi mẹ́jọ ṣe? Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ìlà mẹ́jọ, mo tún wádìí 255, wọ́n ní iye tó ga jù tí bit mẹ́jọ inú kọ̀ǹpútà lè kà nìyẹn. Mẹ́jọ!

Ní 2020, lásìkò Kòrónà, Public Health England, àjọ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fúnra wọn kó èsì àyẹ̀wò sínú Excel ayé àtijọ́ tí kì í gbà ju ìlà 65,536 lọ, èèyàn 15,841 tó lárùn náà sì yọ bọ́rọ́ nínú ìròyìn. Wọn ò mú iná lọ lọ́dọ̀ tiwọn o! Ta ló wo bàtà ẹsẹ̀ wọn?

Mo gé tábìlì sí méjì: kọ́lọ́ọ̀mù A dé IU, kọ́lọ́ọ̀mù IV dé JC. Apá kejì ò mọ ẹni tó lowó, torí nọ́ńbà wà lápá kìíní, mo tún nọ́ńbà gbogbo wọn kọ sẹ́yìn JC, wọ́n múná lọ, wọ́n múná dé, mo tún un kọ. Ọmọ àbúrò mi wọlé, ó rẹ́rìn-ín. “Bàbá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi tò ó níbùú? Ẹ tò ó lóròó: nọ́ńbà, ọjọ́, iye. Kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́ta péré.” Ìlà 15,600, kò sì sí wàhálà! Ọmọ tí mo sanwó ilé-ìwé rẹ̀, ọdún márùn-ún ló fi ń wò mí níran! Ti oríkì ńkọ́? Mo gbé Alága sí ìlà kìíní, kí ẹ̀rọ tètè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gígùn ń bẹ nílé.

Owó pé. Oríkì pé, ó gba ojú ìwé kan àbọ̀. Mo ń retí àtẹ́wọ́, wọ́n ní kí n san owó ìtanràn. Èló? Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà! Ọwọ́ ara mi ni mo fi tẹ̀ ẹ́ sínú tábìlì tuntun, tí mo ń gbàdúrà pé kó sọ nù. Ẹ̀rọ tí kò rí owó ọgọ́ta èèyàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹ̀yin ará, kíá ló rí tèmi.