Ẹwà Wo Ló Bù Sí I?

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò purọ́, àmọ́ kò sọ ọ́ tán. Nígbà tí ààfin bá jó láyé àtijọ́, kì í ṣe Kábíyèsí ló ń po amọ̀. Àdúgbò kan á gé bẹẹrẹ wá, òmíràn á ru igi àjà, àwọn géńdé á máa fẹsẹ̀ po amọ̀, àwọn obìnrin á máa pọnmi. Kó tó pẹ́, ògiri tuntun ti dúró, òpó gbígbẹ́ tí kò sí níbẹ̀ rí ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọba á wọlé, á ní ó dáa. Àwọn tó kọ́ ọ á padà sínú ilé tiwọn tó ń jò. Tó bá wá jẹ́ ilé tálákà ló jó ńkọ́? Mi ò tíì gbọ́ òwe tó sọ̀rọ̀ ẹwà ibẹ̀.

Mo gbà pé gbogbo ẹni tó ti jókòó sídìí ètò àárín ìlú Èkó, láti ayé òyìnbó títí di òní, ló gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni wọ́n gbọ́. Ohun tó yé wọn ni pé kí ẹwà tó dé, nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jó. Bí kò bá jó, kó wó. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé bí ìjọba bá ti ní àwọn fẹ́ sọ Ìsàlẹ̀ Èkó dọ̀tun, ṣe làwọn tó ń gbé ibẹ̀ máa ń di ẹrù.

Ẹ wo ti 1955. LEDB, àjọ ètò ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928 nítorí àjàkálẹ̀ àrùn eku tó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ló gbé iṣẹ́ náà dání. Òmìnira ń bọ̀, àlejò ń bọ̀, ojú sì ń ti àwọn ọ̀gá pé kí ẹni tó ti òkèèrè wá rí páànù tó ti dípẹtà àti gọ́tà tó ń rùn lẹ́yìnkùlé olú ìlú. Wọ́n wó agbo ilé, wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé Sùúrùlérè dáa, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ṣùgbọ́n Peter Marris, òyìnbó tó wọlé tọ̀ wọ́n lọ tó bá wọn sọ̀rọ̀, tó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó jáde ní 1961, rí ohun tí àwòrán ilé kò fi hàn. Ìyá tó ń tajà lójúlé tí gbogbo Èkó ń gbà kọjá ti wá jókòó ti igbá rẹ̀ ní òpópónà tó mọ́ tónítóní, tí oníbàárà kì í yà sí. Àbúrò bàbá tó wà ní yàrá kejì ti di ẹni tí èèyàn ń wọkọ̀ lọ kí. Wọ́n ti ní ilé tó bójú mu. Owó tí wọ́n máa fi san rẹ́ǹtì rẹ̀ ló kù tí wọn ò rí.

Ẹ̀yìn ìyẹn la wá ń kọ́ ilé gogoro. Èyí tí a mọ̀ sí NET ní Marina, alájà 32, parí ní 1979, iná sì sọ níbẹ̀ ní 1983. Ilé Independence tó wà nítòsí Tafawa Balewa Square jó ní 1993. Àwọn ará Èkó, tí wọn kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kú sí wọn nínú, ní irú iná wo nìyẹn tó jẹ́ pé fáìlì ló máa ń kọ́kọ́ jẹ, àbí iná náà lọ sí yunifásítì ni? Mi ò sí níbẹ̀, mi ò lè bá wọn jẹ́rìí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn, tí wọ́n parí ní 1965, jó ní 1985, wọ́n sì tún un ṣe tó fi padà ṣiṣẹ́ ní 1992. Òwe ṣẹ fún ìyẹn, torí ó ní olówó lẹ́yìn. Èkó ní tirẹ̀ pàdánù ọba gan-an: ní oṣù Kejìlá 1991, ìjọba àpapọ̀ kó lọ sí Àbújá, àwọn báǹkì ńlá sì ń yọ́ kọjá sí Victoria Island lọ́kọ̀ọ̀kan. Yàrá tí akọ̀wé ti ń so táì ka owó ní Broad Street, bálì aṣọ ló kún ọ̀pọ̀ nínú wọn báyìí.

Ní báyìí gbogbo ẹnu ló ń sọ pé kí àárín ìlú jí. Ibi tí wọ́n fẹ́ kó jí sí ni wọn ò ti fẹnu kò.

Ọ̀kan ní Dubai lòun fẹ́. Onítọ̀hún kì í fẹsẹ̀ rìn n'Ídúmọ̀tà. Nínú ọkọ̀ tó gbé gíláàsì sókè ló ti ń rí i, ohun tó sì rí ni pé èrò ti pọ̀ jù. Kí wọ́n palẹ̀ àtẹ mọ́, kí wọ́n gbin òdòdó, kí gíláàsì máa kọ mànà. Bí ẹ bá bi í pé ta ni yóò wá máa rajà nínú gíláàsì náà, á ní àwọn olùdókòwò. Kò sẹ́ni tó rí olùdókòwò kan rí tó ra pátá àti síńgílẹ́ẹ̀tì mẹ́fà n'Ídúmọ̀tà.

Òmíràn ni ọmọ wa tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Èyí fẹ́ràn ojú pópó ní tirẹ̀, ó tiẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe kó tó rìn níbẹ̀. Ó fẹ́ kí èrò pọ̀, kí wọ́n má pariwo. Ó fẹ́ kí wọ́n máa tajà lẹ́bàá ọ̀nà, àmọ́ kó jẹ́ kọfí, kí wọ́n sì fi ife pẹlẹbẹ bù ú. Freedom Park ló máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, mo sì bá a gbà lórí ìyẹn: ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn amúnisìn ní Broad Street ni, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010, ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn tẹ́lẹ̀ sì ni pèpéle tí àwọn olórin ń dúró sí báyìí. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ìdí tí ariwo ò fi pọ̀ níbẹ̀: nínú gbogbo ibi tí a ti tún ṣe ní Èkó, ọgbà ẹ̀wọ̀n nìkan ni kò ti sí ẹni tó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má lé òun jáde.

Àwọn olùfẹ́ ohun àtijọ́ wà pẹ̀lú, ọkàn mi sì fà sọ́dọ̀ wọn ju ti àwọn yòókù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà tí òkú bá ti wọlẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń dé. Ẹ wo ilé Ilojo Bar tó wà ní Tinubu Square tẹ́lẹ̀. Àwọn àgùdà tó ti Brazil padà wálé ló kọ́ ọ fún ìdílé Fernandez ní nǹkan bíi 1855, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ṣe rìbìtì lókè, ọ̀ṣọ́ wà lára ògiri rẹ̀. Ní 1956, ìjọba ní ohun ìrántí gbogbo orílẹ̀-èdè ni. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, lọ́jọ́ Àìkú tí ọ́fíìsì tì, katapílà dé, ó sì di òkìtì bíríkì. Ariwo sọ. Àwọn kan bínú pé wọ́n ti pa ìtàn. Àwọn mìíràn ní ilé tó ti fẹ́ wó pa èèyàn ni, wọ́n sì bèèrè iye báàgì sìmẹ́ǹtì tí àwọn tó ń sunkún yìí ti rà fún un láti 1956. Ìbéèrè náà dùn mí, torí mi ò rí èsì rẹ̀. Ẹ sì wo Mọ́sálásí Shitta-Bey ní Martins Street, tí wọ́n ṣí ní 1894, tí àgùdà kan, João Baptista da Costa, kọ́. Bàtà àti báàgì dí ojú ọ̀nà rẹ̀ pa, bẹ́ẹ̀ ló dúró. Èèyàn ń kírun níbẹ̀ ní ìgbà márùn-ún lójúmọ́. Ẹ jẹ́ ká rí katapílà tó máa dédé yà síbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ó wá ku ẹni tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìyá kan ni, tó ń ta ìbọ̀sẹ̀ àti ìborùn lẹ́bàá ọ̀nà ní ọjà Balógun. Ẹ wo tápólì tó pàtẹ lé: ó ti dá igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ lu, okùn kan ṣoṣo ló gba inú gbogbo ihò náà, orí okùn ọ̀hún sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà tí ẹnì kan bá ké pé "Wọ́n ń bọ̀!", á fa okùn, àtẹ á di àpò, àpò á di ẹrù orí, òun náà á di ẹni tó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀. Bí KAI, àwọn agbófinró tó ń lé wọn, bá ti yíjú, ìbọ̀sẹ̀ ti padà sílẹ̀, ó ti ń ké sí ẹ pé "Àǹtí mi, ẹ wá wò ó, owó ẹ̀ ti wálẹ̀!" Kò sí ayàwòrán ilé kan ní Èkó tó tíì ya ṣọ́ọ̀bù tó yára tó ìyẹn.

Òfin kò fẹ́ ẹ. Láti 2003 ni òfin títa ọjà lójú títì ti wà, nígbà tó sì di oṣù Keje 2016, Gómìnà Akinwunmi Ambode kìlọ̀ pé owó ìtanràn ₦90,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló wà fún ẹni tó tà àti ẹni tó rà. Ẹni tó ra gálà kan lójú gosiló ti di ọ̀daràn pẹ̀lú gálà lẹ́nu. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà tí òfin ń lé ìyá yìí, ẹni tó ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì ti gba tirẹ̀, ọmọ onílẹ̀ ti gba tirẹ̀, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti gba owó iwájú ṣọ́ọ̀bù, orí ilẹ̀ ìjọba. Ọwọ́ ọ̀tún gba owó àyè, ọwọ́ òsì ní kò sí àyè.

Rélùwéè tún dé. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ń kó èrò láti Mile 2 dé Marina, kìlómítà 13. Mo yọ̀ sí i, mo ṣì ń yọ̀. Wọ́n kọ́ ọ kí èrò lè rọ́nà wá sáàárín ìlú. Èrò wá. Àwọn kan náà tó gé ríbọ́nì rẹ̀ ló wá ń fajú ro pé èrò ti pọ̀ jù ní Balógun, bíi pé ṣọ́ọ̀ṣì Cathedral ni wọ́n rò pé gbogbo wọn ń lọ.

Kò yẹ kí n sọ ìyá ìbọ̀sẹ̀ di áńgẹ́lì o. Lọ́jọ́ 5 oṣù Kọkànlá 2019 tí iná sọ ní Balógun, àtẹ tó gba ojú ọ̀nà kò ran ọkọ̀ panápaná lọ́wọ́. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń tì sáàárín bálì aṣọ kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba. Afọ́jú àti aláboyún kò rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé, àwọn tó ń pe èyí ní ìgbádùn ojú pópó kì í sì í ṣe àwọn tó ru ẹrù gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tí ọjà rẹ̀ jó lọ́jọ́ náà ò rí àdúgbò tó wá bá a po amọ̀. Gbèsè ló bù sí i.

Ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í tán. Òtẹ́ẹ̀lì lódìkejì afárá ni wọ́n sábà máa ń ṣe é sí, afẹ́fẹ́ tútù á máa fẹ́, wọ́n á fi iná gbé àwòrán Marina tí kò sí bárò kankan lójú ọ̀nà rẹ̀ sára ògiri. Bí wọ́n bá pè mí (wọn ò pè mí), omi panápaná tó ń yọ ní tòótọ́ ni mo máa kọ́kọ́ bèèrè. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fa ilà síbi tí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rìn, kí wọ́n fi èyí tó kù fún ẹni tó ń tà, kí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ẹyọ kan, kí ẹni tó bá gbowó rẹ̀ láàárọ̀ má lè léni lọ́sàn-án. Kí wọ́n kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Mo ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá kan tó ń ta léèsì níbẹ̀. Ó ń ká aṣọ lọ títí mo fi dé orí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ló bá gbójú sókè. "Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀, bọ̀dá. Èyí tó wà nítòsí wa, à ń sanwó ká tó tọ̀, wọ́n sì ti máa ń tì í kí ọjà tó tú."