Bí Òmùgọ̀ Ṣe Lè Fi Gẹ̀ẹ́sì Ńláńlá Yin Olóyè

Ìwọ tí wọ́n gbé máíkì lé lọ́wọ́ níbi ìwúyè, tí o sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé o kàwé, jókòó kí o gbẹ̀kọ́. Òfin kan ṣoṣo ló wà: bí ọ̀rọ̀ méjì bá jọra létí, èyí tó ṣàjèjì jù ni kí o mú. Ìtumọ̀ kò kàn ọ́.

1. Yin ìwà olóyè. Ẹni tí ìyìn tọ́ sí ni "meritorious", ṣùgbọ́n tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá mọ ìyẹn. Pè é ní "meretricious". Inú ọ̀rọ̀ Látìn tí wọ́n fi ń pe aṣẹ́wó ló ti jáde; ohun tó ń dán lójú lásán, tí kò níyì nínú, ni wọ́n ń fi í pè lónìí. Olóyè yóò rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ lọ́yà kò ní rẹ́rìn-ín.

2. Yin ọgbọ́n rẹ̀. "Ingenious" ni ti ẹni tó mọ ọgbọ́n dá. Fi lẹ́tà u rọ́pò i kejì, kí o pè é ní "ingenuous": aláìlẹ́tàn tí kò mọ̀ pé ayé gbọ́n, tí gbájúẹ̀ máa ń wá kiri.

3. Yin àwọn onílù. Wọ́n pariwo dáadáa, nítorí náà sọ pé wọ́n "noisome". Ọ̀rọ̀ náà kò bá ariwo tan rárá. Òórùn burúkú ló ń sọ. Bí wọ́n bá gbọ́, wàá mọ̀ pé ìlù náà lè bú èèyàn.

4. Yin Kábíyèsí. Kígbe pé ọ̀rọ̀ wọn ti "enervate" gbogbo ìlú. Ìwọ rò pé o sọ pé wọ́n fún wa lókun. O sọ pé wọ́n gba gbogbo okun ara wa tán.

5. Bí ẹnikẹ́ni bá bá ọ wí, rán an létí Mrs Malaprop ti inú eré tí òǹkọ̀wé Sheridan gbé jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1775. Ó ṣi ọ̀rọ̀ lò títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi sọ irú àṣìlò bẹ́ẹ̀ ní "malapropism". Orúkọ tìrẹ náà lè wọ díṣọ́nárì.

6. Kádìí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ ni "prostrate". Gbé r kejì mì, kí o kéde "prostate", ẹ̀yà ara tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin.

Bí àwọn ọmọ olóyè bá ti ń dìde, ju máíkì sílẹ̀, dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, kí o sì fi Yorùbá bẹ̀bẹ̀.