Ẹṣin Iwájú Tó Ń Gun Tírélà

Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré. Wọn kò sọ ohun tí ti ẹ̀yìn yóò ṣe nígbà tí ẹṣin iwájú bá dúró gbagidi lórí koríko, tí olówó rẹ̀ ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ pátákò rẹ̀, tí èrò sì ń sanwó láti wá wò ó. Ó jọ pé irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ kò sí láyé ìgbà tiwọn. Ó pọ̀ láyé ìsinsìnyí, Ítálì ni wọ́n sì ti ń ṣe èyí tó rẹwà jù nínú wọn.

Ẹṣin kúkú wà lára mọ́tò Ferrari lóòótọ́. Ti Francesco Baracca ni, awakọ̀ òfuurufú jagunjagun tó kú lójú ogun lọ́dún 1918, tó ya àwòrán ẹṣin náà sára bàálù rẹ̀. Lẹ́yìn tí Enzo Ferrari borí nínú ìdíje kan nítòsí Ravenna lọ́dún 1923, ìyá Baracca rọ̀ ọ́ pé kó fi ẹṣin ọmọ òun sára ọkọ̀ rẹ̀, pé yóò mú oríire wá fún un. Ẹṣin ogun ni, ó di ẹṣin eré ìje. Ìyá àgbà náà kò lè mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹṣin ọmọ òun yóò máa gun tírélà.

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń pàtẹ irú àwọn mọ́tò bẹ́ẹ̀. Ti Villa d'Este, létí adágún Como, ti wà láti 1929. Ní Kalifọ́níà, wọ́n dá Concorso Italiano sílẹ̀ lọ́dún 1986. Ní Brooklands lẹ́bàá London, níbi tí wọ́n kọ́ pápá eré ìje mọ́tò sí lọ́dún 1907, ọjọ́ kan wà lọ́dọọdún tí Fiat, Alfa Romeo àti Lancia máa ń péjọ pẹ̀lú àwọn alùpùpù Ducati àti Moto Guzzi. Kí a má parọ́ mọ́ wọn, àwọn ti Brooklands ṣì ń gun òkè tó wà níbẹ̀, èéfín ń rú, ariwo ń sọ. Àmọ́ bí owó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni eré ń dín kù. Níbi tí owó pọ̀ sí jù, inú tírélà tí wọ́n tilẹ̀kùn rẹ̀ gbọn-in gbọn-in ni mọ́tò ń gbà dé. Wọn á rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí koríko, adájọ́ á kúnlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, á máa wò bóyá nọ́ọ̀tì abẹ́ ẹ́ńjìnnì rí bí èyí tí ilé iṣẹ́ fi dè é ní 70 ọdún sẹ́yìn. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, máàkì ti lọ nìyẹn.

Ìpẹtà pàápàá ti di oyè. Lọ́dún 1980, ìpẹtà jẹ Lancia Beta débi pé ilé iṣẹ́ náà ń ra ọkọ̀ ọ̀hún padà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà ní Britain. Nígbà tó di 1994, wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ kúrò lọ́jà ibẹ̀ pátápátá. Lónìí, Beta tó bá ṣẹ́ kù ni èrò ń rọ́ yí ká. Ní ìpàtẹ Pebble Beach, ní Kalifọ́níà, ẹ̀bùn wà fún mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún ṣe rí, tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí, tí àga rẹ̀ ti gbó. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí mẹkáníìkì kankan ṣàánú rẹ̀.

Èyí tó ga jù ṣẹlẹ̀ ní Monterey nítòsí ibẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Ferrari 500 Mondial kan ni, ti ọdún 1954, tó ti ní jàǹbá tó sì jóná ní nǹkan bí 60 ọdún sẹ́yìn. Bó ṣe wà náà ni wọ́n gbé e wá: páànù tó rún wómúwómú, ihò lọ́tùn-ún, ihò lósì. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí kò lè sọ ibi tí iwájú ti parí tí ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀. RM Sotheby's lu ú ní gbàǹjo. $1,875,000 ni wọ́n rà á.

Ká ní irú àjákù yẹn dé Agbogbloshie ní Accra nígbà tí wọ́n ṣì ń tú irin níbẹ̀ ni, kílò ni wọn ì bá fi wọ̀n ọ́n.

Létí odò Odaw àti ọ̀sà Korle ni Agbogbloshie wà. Títí di oṣù keje ọdún 2021, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú mọ́tò, fìríìjì àti kọ̀ǹpútà tó ti parí iṣẹ́ ayé wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é wá láti àríwá Ghana, Old Fadama tó múlé tì í ni wọ́n sì ń gbé. Ọmọkùnrin kan á jókòó ti ẹ́ńjìnnì, òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún, síséèlì lọ́wọ́ òsì, sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Kò ní tọ́ọ̀ṣì, kò ní ìwé tí yóò wò, síbẹ̀ kò sí nọ́ọ̀tì tí kò mọ ibi tó sá pamọ́ sí. Alumíníọ̀mù ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rọ ọ́ ní ìkòkò ọbẹ̀. Irin ń lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ irin ní Tema. Wáyà ń lọ sínú iná, kí ike ara rẹ̀ lè jó kúrò lára kọ́pà. Àwọn ọmọdé á so okùn mọ́ òòfà tí wọ́n yọ lára ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọn á máa wọ́ ọ nílẹ̀ kí ìrépé irin lè lẹ̀ mọ́ ọn.

Èéfín ibẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Lọ́dún 2019, àwọn àjọ IPEN àti Basel Action Network yẹ ẹyin àwọn adìẹ tó ń jẹ̀ níbẹ̀ wò: ẹni tó bá jẹ ẹyọ kan péré ti gba oró dioxin ní ìlọ́po 220 iye tí àjọ tó ń rí sí oúnjẹ ní Yúróòpù fàyè gbà lójúmọ́.

Ẹni tó bá rò pé mọ́tò Ítálì kì í dé irú ibẹ̀ ń tan ara rẹ̀ ni. Ferrari lè má dé ibẹ̀, Matiz dé ibẹ̀. Daewoo Matiz, tákísì kékeré tí Accra mọ̀ bí ẹni mowó, Koria ni wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n Italdesign, ilé iṣẹ́ Giorgetto Giugiaro nítòsí Torino, ló ya àwòrán rẹ̀. Fiat ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú àwòrán náà fún, Fiat kò gbà á. Giugiaro yìí kan náà ló ya Volkswagen Golf ti 1974. Lọ́dún 1999 wọ́n fi í jẹ oyè ayàwòrán mọ́tò tó ta yọ jù ní ọ̀rúndún náà. Pijó 504 ńkọ́? Pininfarina ti Torino ló ya òun náà. Faransé fi orúkọ sí i, Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó lọ́dún 1975, ọdún yẹn gan-an ló sì gba ipò kìíní nínú Safari Rally ní Kenya. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ru iṣu, ó ru àpò gààrí, ó ru èrò Èkó sí Ìbàdàn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Àwọn ẹṣin Ítálì tó sáré nìyẹn. Kò sí adájọ́ kankan tó kúnlẹ̀ tì wọ́n.

Àwọn olówó ilẹ̀ yìí wo ẹṣin iwájú tí kò sáré, wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń dúró. Ní Accra àti ní Èkó, Lamborghini ń fi ikùn wọ́ ilẹ̀ kọjá ibi tí ọ̀gbàrá ti gbẹ́ títì, kẹ̀kẹ́ Márúwá sì ń fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀ pé kó yà lọ́nà. Katakata oko ni Ferruccio Lamborghini kọ́kọ́ ń ṣe, láti 1948. Ọdún 1963 ló tó dá ilé iṣẹ́ mọ́tò sílẹ̀. Ká ní katakata rẹ̀ ni wọ́n rà ni, títì yẹn ì bá má fi nǹkan kan ṣe wọ́n.

Ìjọba náà kò gbẹ́yìn. Mọ́tò tó bá ti lé ní ọdún 10, owó ìtanràn ni àwọn aṣọ́bodè Ghana ń bù lé e. Ìdí wà fún òfin náà, èéfín ṣáà ni èéfín. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí tó ń sọ mọ́tò di ọba ní Como ló ń sọ ọ́ di ọ̀daràn ní èbúté Tema. Lọ́dún 2021, Henry Quartey, tó jẹ́ mínísítà ẹkùn Accra nígbà náà, kó àwọn oníàlùbọ́sà Agbogbloshie lọ sí Adjen Kotoku, lẹ́yìn náà ni katapílà wó ibi tí wọ́n ti ń tú irin. Wọ́n wó ibi iṣẹ́. Irin àjákù kò yéé dé, àwọn tó ń tú u kàn fọ́n káàkiri ni. Ṣáájú ìgbà náà, DK Osseo-Asare àti Yasmine Abbas ti rí i pé oníṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn ọmọ wọ̀nyí, wọ́n sì dá Agbogbloshie Makerspace Platform sílẹ̀ láti pa ìmọ̀ wọn pọ̀ mọ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn méjèèjì yìí kò retí pé kí ọ̀dà mọ́tò máa dán kí wọ́n tó wo ọwọ́ ẹni tó ń tú u.

Ẹ̀yin tó ń ṣètò ìpàtẹ ọdún tó ń bọ̀ ní Como àti ní Monterey, ẹ fi àyè adájọ́ kan sílẹ̀ fún ọmọ Old Fadama. Ẹ gbé Pijó 504 kan tó ti rìn dáadáa síwájú rẹ̀, kó sọ fún yín ohun tí ọkọ̀ náà ti fojú rí. Ṣùgbọ́n ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ físà rẹ̀ o, nítorí irin yín máa ń yára dé ọ̀dọ̀ wa ju bí ọmọ wa ṣe ń dé ọ̀dọ̀ yín lọ.