Fèrèsé Tí Kì Í Kágò

Ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan: bí fèrèsé bá pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ta ló yẹ kó pàṣẹ èyí tí yóò wà lókè? Èmi ni mo pẹjọ́, èmi náà ni wọ́n pè lẹ́jọ́.

Ojú bọ́tìnnì ni mo máa ń wò bí mo bá ń tẹ̀wé. Lọ́jọ́ kan, mo ń kọ̀wé sí àbúrò mi, mo ń ṣàlàyé bí bàbá onílé mi ṣe ń ṣahun tó. Àṣé fèrèsé tí èmi àti bàbá fi ń sọ̀rọ̀ ti fò síwájú. Kí n tó gbójú sókè, èébú ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mo ń bú. Èsì rẹ̀ kò gùn: “Mo ti rí i. Owó ilé yóò lé sí i.”

Mo wá ìtàn kà, kí n lè mọ ẹni tí n ó dá lẹ́bi. Windows àkọ́kọ́, ti 1985, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ló ń to àwọn ètò sí. Windows 2.0 ló gbà wọ́n láyè ní 1987 láti bo ara wọn, ni ìjà ipò bá dé. Nígbà tó di Windows 98, Microsoft ṣòfin pé ètò tí èèyàn ò lò lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ṣàdédé fò síwájú; kí ó kágò nísàlẹ̀, kí bọ́tìnnì rẹ̀ máa ṣẹ́jú. Báwo wá ni fèrèsé ti bàbá ṣe wọlé? Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ kó ṣí. Kọ̀ǹpútà mi ń fà, mo sì ti gbàgbé pé mo pè é.

Mo bá kó lọ sórí Linux. Nínú X, ètò tó ń gbé fèrèsé sójú kọ̀ǹpútà níbẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní MIT ní 1984, ètò kan lọ́tọ̀ ni aláṣẹ fèrèsé. Bí kò bá wù ọ́, fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. KDE, ojú iṣẹ́ tí mo yàn lórí Linux, ní ìpele márùn-ún tí a fi ń dí ètò aláfojúdi lọ́nà. Mo yan èyí tó le jù: ohun tí mi ò bá fọwọ́ ara mi pè kò gbọdọ̀ gba iwájú. Mo ní kí fáìlì kan ṣí, mi ò rí i. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ó sú mi. Àwọ̀ kan ń tàn nísàlẹ̀, mo rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Àṣé fèrèsé rẹpẹtẹ ti tò sẹ́yìn, wọ́n ń kágò, etí onílé ló di.

Mo tún dá ọgbọ́n: mo ní kí ìwé pélébé tí mo kọ gbèsè mi sí máa wà lókè gbogbo fèrèsé, kí n má baà gbàgbé. Ni mo bá ń fi ìṣirò owó ẹgbẹ́ wa han àwọn ará ìpàdé lójú kọ̀ǹpútà. Ìwé gbèsè ló wà lókè: “Alága: ó di ìgbà tó bá pariwo.” Ó pariwo.

Ìdájọ́ mi rèé. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ló ni àṣẹ; ètò lè bẹ̀bẹ̀, kò gbọdọ̀ jágbà. Wayland, arọ́pò X tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ló sún mọ́ ọn jù lójú mi: fèrèsé kò lè gbé ara rẹ̀ síwájú, àfi kó mú àmì wá pé oníkọ̀ǹpútà ló tẹ nǹkan, kí aláṣẹ fèrèsé tó pinnu. Ṣùgbọ́n àṣẹ tó wà lọ́wọ́ ẹni tí kì í wòkè, ta ni yóò gbà á sílẹ̀? Mo ti dá KDE padà sí ìpele tó rọ̀. Kí n tó tẹ Enter, n ó kọ́kọ́ gbójú sókè.