Ìjàpá Oníhò Atẹ́gùn

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbágbòó, ó dá lórí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, àti ilé onítáyà.

Ìjàpá lọ sí Ìfọ̀, ó ra àlòkù páànù, ó ra táyà méjì tó ti gbó. Alájórin bá a jó o pọ̀, ó di ilé. Ọ̀dà dúdú ló fi kun òrùlé, torí òun làwọn tó ń ṣe ọ̀nà dà nù. Ó fà á dé Mowe, etí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹranko tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ bá dá dúró, ibẹ̀ ló ń yà sùn. Fèrèsé ńkọ́? Kò sí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ oòrùn Mowe. Ehoro wọlé ní gbígbẹ, ó jáde bí ẹni tó bọ́ sódò.

Àwọn ẹranko sáré lọ bá Ikán ní Ìbàfọ̀. Ta ló mọ ilé tó ń mí kọ́ bí ẹni tó kọ́ ògán? Ikán ní: "Ẹ lu ihò kan sísàlẹ̀, níbi tí òjìji wà. Ẹ lu ìkejì sókè, ní òdìkejì. Ooru á gba òkè jáde, atẹ́gùn tútù á gba ìsàlẹ̀ wọlé. Kí ẹ sì fi ẹfun kun òrùlé, dúdú ló ń gba oòrùn mọ́ra."

Ìjàpá ní òun ò lówó ihò. Wọ́n dáwó. Wọ́n lu ihò, wọ́n ra ẹfun. Bí wọ́n ṣe ṣe tán, Ìjàpá fi ìlẹ̀kùn sẹ́nu ihò, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ó ní ara ilé òun ló wà, tòun ni. Ẹfun ńkọ́? Ó ti tà á lọ́jà Ìfọ̀.

Ó pín wọn sí ìlà. Ìlà kìíní, atẹ́gùn á fẹ́ fún wọn fún wákàtí 20 lójúmọ́. Ìlà ìkẹyìn, kí wọ́n máa fi etí fẹ́ ara wọn. Ewúrẹ́ bèèrè òṣùwọ̀n. Ìjàpá wo imú rẹ̀ títí. "Imú yìí tóbi. Á ti mí tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà." Ìgbín tó ti wà lábúlé láti oṣù mẹ́ta, òun náà gba ìwé gbèsè!

Wọ́n ń kọrin:

Ìjàpá, ṣí ihò fún mi o
Fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀
Mo sanwó, ooru ló wọlé
Fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀
Òógùn ti sọ mí dọlọ́dò
Fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìjàpá fẹ́ ka owó. Ó ti ihò méjèèjì láti ìta kí ojú má baà yọ síbẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ìṣó níta, ó wọlé. Ẹ̀fúùfù òjò dé, ó gbá ìlẹ̀kùn, irin ìdábùú rẹ̀ já bọ́ dí ẹnu ọ̀nà níta: gbàgà! Òjò ò sì rọ̀. Oòrùn padà yọ sórí òrùlé dúdú.

Ìjàpá lahùn, kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Ó kan ìlẹ̀kùn, ó gbóná bí agbada àkàrà. Lòun náà bá bẹ̀rẹ̀ orin: Ẹ ṣí ihò fún mi o! Àwọn ẹranko sì ń gbè é: Fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀!

Ikán fẹnu sí ihò kọ́kọ́rọ́. "Alàgbà, ìlà wo lẹ wà?"

"Ìlà kìíní! Owó nìyí!" Ó ń ti owó gba abẹ́ ìlẹ̀kùn jáde, ìdì lórí ìdì.

Ikán kà á, ó pé. "Òótọ́ ni, bàbá. Wákàtí 20 lẹ ní lójúmọ́." Ó lọ jókòó sábẹ́ òjìji. "Mẹ́rin tó kù la wà nínú rẹ̀ báyìí."